Ẹ Jẹ́ Ká Sọ Ìtàn Ẹlẹ́yàmẹ̀yà Fún Àwọn Ọmọ Wa, Títí Kan Èyí Tó Wà Nílé Wa

Ẹ̀yin ará wa lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire tí ẹ wà ní Kánò, Zaria, Kaduna, Jos, Minna àti níbikíbi tí ọjà gbé yín dé, ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fara balẹ̀ kà á.

Àwọn tó mọ̀ wá mọ̀ pé aṣọ ni a ń tà, a kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ìwé girama ni a kà mọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, àwa mélòó kan nínú ẹgbẹ́ máa ń kó àwọn ọmọ wa jọ sí gbọ̀ngàn ní ọ̀sán Sátidé, ká lè kọ́ wọn ní Yorùbá kíkà àti kíkọ, kí èdè má baà kú mọ́ wọn lẹ́nu. Bí a bá ti kàwé tán, a máa ń sọ ìtàn. Ìtàn yẹn ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní nǹkan bí ọdún 2009 ni wọ́n yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò nínú iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé ìwé wa, kó tó di pé ìjọba ní kó padà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló gba àárín ibẹ̀ kọjá láìmọ ohun tójú bàbá wọn rí.

Ní Sátidé kan, a ń sọ fún wọn nípa George Floyd, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ọlọ́pàá fi orúnkún tẹ̀ lọ́rùn títí ó fi kú ní ìlú Minneapolis, ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2020. Àwọn ọmọ náà ti rí i lórí fóònù. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún méjìlá, nawọ́ sókè, ó ní, "Bàbá, ṣé àwọn òyìnbó ṣe irú ẹ̀ níbí rí?"

A ní rárá o. A ní ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà àti South Africa nìyẹn.

Bàbá àgbà kan wà tí wọ́n máa ń wá jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn, iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ṣe fẹ̀yìn tì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún yín pé níbí kọ́? Ibi tí ẹ jókòó sí yìí gan-an, kí ni wọ́n ń pè é?" A ní Sabon Gari ni. Wọ́n ní, "Ta ló gé e fún yín? Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọ̀hún ni igi ìbòòji pọ̀ sí, tí ilé sì jìnnà síra, tó wá jẹ́ pé ìhín ni a há gádígádí sí?" A ò rí èsì fọ̀. Ojú tì wá níwájú àwọn ọmọ. Ọjọ́ yẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn àgbà, la bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé kà. Ohun tí a rí nìyí.

Kí òyìnbó tó dé, Yorùbá ti wà ní Kánò. Àdúgbò Ayagi wà nínú odi ìlú títí dòní, àwọn Yorùbá ni wọ́n mọ̀ mọ́ ibẹ̀. Wọ́n ń tajà, wọ́n ń kírun pẹ̀lú àwọn ará ìlú, wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Àlejò ni wọ́n, àmọ́ inú ilé ni wọ́n gba àlejò sí.

Ní 1903 ni ọmọ ogun òyìnbó gba Kánò. Ní 1911, ọkọ̀ ojú irin dé. Ọkọ̀ yìí ló kó àwọn akọ̀wé, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, àwọn oníṣòwò àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wá láti gúúsù, àwọn Yorùbá, àwọn Ìgbò, títí kan àwọn ará Gold Coast àti Sàró. Àwọn ìjọba òyìnbó ò fẹ́ kí àwọn wọ̀nyí wọnú odi lọ, kí wọ́n má baà da ètò tí wọ́n bá àwọn Ẹ́míà ṣe rú. Wọn ò sì fẹ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ni wọ́n bá gé ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún wọn lẹ́yìn odi, ó di Sabon Gari, ìyẹn ìlú tuntun lédè Haúsá. Òyìnbó lọ sí tiwọn ní apá Nassarawa. Zaria àti Kaduna náà ní Sabon Gari tiwọn. Ṣé ẹ rí i pé orúkọ tí à ń pè lójoojúmọ́, ìtàn ló wà nínú ẹ̀.

Kí ni wọ́n fi ṣe àwáwí? Ẹ̀fọn. Ní 1897 ni dókítà Ronald Ross rí ìdí ẹ̀ pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Ìmọ̀ gidi nìyẹn, ó sì ti gba ẹ̀mí là. Àmọ́ ní nǹkan bí 1900, dókítà méjì tí wọ́n rán wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Stephens àti Christophers, yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kéékèèké wa wò, wọ́n rí kòkòrò ibà níbẹ̀, wọ́n sì dá a lábàá pé kí òyìnbó máa gbé jìnnà sí àwa aláwọ̀ dúdú. Dípò kí ìtọ́jú àwọn ọmọ náà ṣáájú, sísá fún wọn ló ṣáájú.

Nígbà tó di 1917, Lugard sọ ọ́ di òfin. Òfin ìlú ńlá ti ọdún yẹn ya ibùgbé òyìnbó sọ́tọ̀ kúrò ní tàwọn tí kì í ṣe òyìnbó, wọ́n sì ní kí yáàdì 440 wà láàárín, ilẹ̀ òfìfo tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́lé sí. Òyìnbó ò gbọdọ̀ gbé ní tiwa, àwa náà ò gbọdọ̀ gbé ní tiwọn. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ wọn nìkan ni òfin yọ sílẹ̀.

Àwa tí à ń taṣọ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní yáàdì. Bí ẹ bá ń tẹ́ ànkárá yáàdì mẹ́fà mẹ́fà sílẹ̀, ẹ ó tẹ́ 73, kò ní tíì pé 440. Kí ó lè yé àwọn ọmọ, a wọn okùn yáàdì mẹ́wàá, a kó wọn jáde sójú títì níwájú gbọ̀ngàn, a ní kí wọ́n máa nà án lọ títí yóò fi di ìgbà 44. Nígbà tí wọ́n nà án dé ogún, ó ti rẹ àwọn kékeré. Nígbà tí wọ́n débi tí okùn parí sí, wọ́n bojú wẹ̀yìn, gbọ̀ngàn ti di kékeré lókèèrè.

Ọmọ ọdún méjìlá yẹn ní, "Bàbá, àwọn tó ń dáná fún àwọn òyìnbó yẹn ńkọ́, níbo ni wọ́n ń sùn?"

A ní ẹ̀yìnkùlé wọn ni, ní bọ́ìs kọ́tà.

Ó ní, "Ṣé ẹ̀fọn ò mọ ọ̀nà ibẹ̀ ni?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ ọmọ yẹn ti rí ìdí ọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ tibà nìkan ni, ẹni tó ń sùn lẹ́yìnkùlé ni wọn ì bá kọ́kọ́ lé. Wọn ò lé e, torí wọ́n fẹ́ kó fọṣọ, kó gbọ́únjẹ. Aláwọ̀ dúdú tó bá wá ṣe ìránṣẹ́ ò kó ibà ràn wọ́n, èyí tó bá fẹ́ gbélé bíi tiwọn ló ń kó ibà ràn wọ́n. Àwíjàre nìyẹn, ẹ̀yin ará wa. Bí ẹlẹ́yàmẹ̀yà bá máa ṣiṣẹ́ ẹ̀, ó máa ń wá aṣọ ọmọlúwàbí wọ̀.

Ká sì tún sọ òdodo, kì í ṣe gbogbo òyìnbó ló gbà bẹ́ẹ̀. William MacGregor ni gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, dókítà ni òun alára. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ ìyàsọ́tọ̀ yìí wá fún un, ó kọ̀. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ irà, kí wọ́n pín oògùn kuiníìnì fún funfun àti dúdú. Òun ló ni orúkọ odò gbígbẹ́ tí wọ́n ń pè ní MacGregor Canal ní Èkó. Ohun tó wá dùn wá nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé, nígbà tí òun ti lọ tí Ìkòyí wá di ibùgbé àwọn òyìnbó, omi tó gbẹ́ láti fi gba gbogbo ènìyàn lọ́wọ́ ibà ló di ààlà láàárín wọn àtàwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó. A sọ èyí fún àwọn ọmọ kí wọ́n lè mọ ohun méjì. Àkọ́kọ́, ní ọjọ́ yẹn gan-an, ẹni tó fẹ́ ṣe rere ráyè ṣe é, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé bí ayé ṣe rí nígbà yẹn nìyẹn. Èkejì, rere ẹnì kan ò tó bí òfin bá wà lọ́wọ́ àwọn yòókù.

Lẹ́nu iṣẹ́ náà ńkọ́? Ẹ rántí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n mú lẹ́rú ní 1821. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí Odò Ọya, ní Lọ́kọ́ja, ní Onitsha, ìyẹn ni pé ará àjò bíi tiwa ni. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó jókòó ní Onitsha, wọ́n ń dá àwọn àlùfáà Crowther dúró lójú ẹ̀, arúgbó tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó dìde kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891, ó kú. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀.

Ẹ tún wo àwọn dókítà. Ní 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó iṣẹ́ ìṣègùn gbogbo ìlú tí wọ́n ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin iṣẹ́ náà pé ọmọ òyìnbó nìkan ni àwọn yóò gbà. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti wà níbẹ̀, wọ́n fi wọ́n sí ìwé ọ̀tọ̀, owó wọn kéré, ipò wọn sì wà lábẹ́ òyìnbó tó dé lánàá. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà wà lára àwọn tó fara da èyí. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, òyìnbó ló kọ́ ọ níṣẹ́ nílùú wọn, òun náà ló fi ọgbọ́n wọ ẹgbẹ́ àwọn abọ̀ṣọ̀pọ̀nná kó lè mọ bí àrùn náà ṣe ń tàn. Ìwé ẹ̀rí ò kéré, iṣẹ́ ò kéré, àwọ̀ ara nìkan ni wọ́n bá wí.

Báwo ló ṣe wá dópin? Kò kàn ṣàdédé parí. Ní 1947, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán òṣìṣẹ́ wọn kan wá sí Èkó, Ivor Cummings lorúkọ ẹ̀. Ìlú Òyìnbó ni wọ́n bí i sí, ìyá ẹ̀ òyìnbó, bàbá ẹ̀ ará Sàró. Wọ́n ti gba yàrá sílẹ̀ fún un ní Bristol Hotel. Nígbà tó dé tí wọ́n rí àwọ̀ ẹ̀, wọ́n ní kò sí àyè. Àwọn ìwé ìròyìn Èkó gbé e, ìlú gbaná, àwọn olóṣèlú tí wọ́n ń bá ara wọn jà tẹ́lẹ̀ pa ohùn pọ̀. Nígbà tó yá, Gómìnà Arthur Richards pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ dópin níbi tí gbogbo ènìyàn ń lò, àwọn ọsibítù tó jẹ́ ti òyìnbó nìkan sì ní láti ṣílẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni ibùgbé òyìnbó wá ń jẹ́ GRA.

Ohun tó yà wá lẹ́nu ni ohun tí Cummings yìí ṣe ní ọdún kejì. Ní oṣù kẹfà 1948, ọkọ̀ Windrush kó àwọn ará Jàmáíkà àtàwọn ará erékùṣù mìíràn dé Ìlú Òyìnbó. Cummings ni ìjọba rán lọ pàdé wọn ní etíkun, òun ló sì ṣètò ibi tí àwọn tó lé ní 200 nínú wọn sùn sí. Ẹni tí wọ́n kọ̀ fún ní yàrá ní Èkó ló ń wá ibùsùn fún àlejò.

Ẹ má rò pé ìtàn ti parí síbẹ̀. Ní 2018 ni àṣírí tú ní Ìlú Òyìnbó pé àwọn tó bá àwọn òbí wọn dé ní kékeré láyé ìgbà Windrush, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́, tí wọ́n ti san owó orí, ni ìjọba ń béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn bí àlejò àná. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn kan, wọ́n kọ̀ láti tọ́jú àwọn kan ní ọsibítù, wọ́n tilẹ̀ dá àwọn mìíràn padà sí ibi tí wọn ò mọ̀ mọ́. Ní 2022, nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Ukraine, àwọn ọmọ wa tó ń kàwé níbẹ̀ sọ bí wọ́n ṣe tì wọ́n sẹ́yìn ní ẹnu ọkọ̀ ojú irin àti ní ẹnubodè, kí àwọn aláwọ̀ funfun lè kọ́kọ́ kọjá. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń múra àtijápa, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ èyí kí wọ́n tó wọ bàálù. Kì í ṣe ká fi dẹ́rù bà wọ́n. Kí wọ́n lè mọ̀ ni pé bí ẹnì kan bá fojú tín-ín-rín wọn nítorí àwọ̀, àbùkù onítọ̀hún ni, kì í ṣe tiwọn.

Ó yá, ibi tó ṣòro sọ nìyí.

Lẹ́yìn tí a sọ ìtàn 1947 tán, òùngbẹ ń gbẹ àwọn ọmọ. Ọmọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi ń kọjá lọ lóde. Ọmọ wa kan yọjú lójú fèrèsé, ó pariwo, "Gàm̀bàrí, gbé omi wá níbí!" Bó ṣe sọ ọ́, àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín kan tí gbogbo wa mọ̀. A ní kó dákẹ́. A ní ṣé ohun tí à ń kọ́ ẹ láti àárọ̀ nìyí? Ọmọ náà wò wá lójú, kò tilẹ̀ bínú, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ni ẹ máa ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù."

Ẹ̀yin ará wa, òótọ́ ni. A máa ń sọ ọ́. A sì máa ń sọ pé àwọn Ìgbò báyìí, àwọn kòbókóbó báyìí. Ọmọ ń gbọ́ ọ lábẹ́ tábìlì tó ti ń ṣe àṣetiléwá. Ọ̀rọ̀ ò sí lẹ́nu wa lọ́jọ́ yẹn. Bí a bá fi ìka kan tọ́ka sí Lugard, ìka yòókù ń wo ọ̀dọ̀ wa.

Ìgbà tí a délé la wá ronú kan ọ̀rọ̀ tí èdè wa ń lò gan-an. Ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ohun tí òyìnbó ṣe fún aláwọ̀ dúdú, ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni Yorùbá ń pè é. Ohun tí ẹ̀yà kan ń ṣe fún ẹ̀yà kejì níbí, ẹlẹ́yàmẹ̀yà náà ni. Èdè wa ò fún wa láyè láti kẹ́gàn tàkọ́kọ́ ká sì máa fi tèkejì ṣẹ̀fẹ̀. A ò sọ pé wọ́n dọ́gba. Òyìnbó ní ìbọn àti òfin lọ́wọ́, àwa ò ní in. Àmọ́ ẹnu kan náà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: ẹ máa wò wọ́n, wọn ò rí bíi tiwa.

Àwa ará àjò ló yẹ kó kọ́kọ́ yé. A ti jẹ nínú ẹ̀. Wọ́n ti bi àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí, tí wọ́n gbọ́ Haúsá ju Yorùbá lọ, pé "ìlú wo lo ti wá gan-an?" ní ibi tí wọ́n ti ń wá ìwé ẹ̀rí ọmọ onílẹ̀. Ní 2019, a rí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó sá bọ̀ láti South Africa nínú bàálù, dúdú ló lé dúdú. A ò sì ní sọ pé okùn yáàdì yẹn nìkan ló fa gbogbo ìjà tójú wa ti rí lórí ilẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá mọ odi sí láàárín fún ọgbọ̀n ọdún, wọ́n á di àjèjì síra wọn bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń ná ọjà kan náà.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, kò bu àgbà kù. Lẹ́yìn náà, a pe ọmọ ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ omi yẹn wọlé, a bi í lórúkọ, a ní kí àwọn ọmọ máa fi orúkọ ẹ̀ pè é. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ wọn. Ó jókòó díẹ̀, ó gbọ́ ìtàn okùn náà ní Haúsá lẹ́nu ọmọ ọdún méjìlá wa, ó sì béèrè ìbéèrè kan náà nípa ẹ̀fọn. Ní báyìí, bó bá ń kọjá, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n ń ké.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa fún ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ kò pọ̀. Ẹ sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ, àmọ́ ẹ fi hàn wọ́n ní ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ní àdúgbò, ní ọsibítù àtijọ́, ní ojú irin. Ẹ má kọ́ wọn láti kórìíra òyìnbó, ẹ sọ ti MacGregor pẹ̀lú ti Lugard. Ẹ má fi ẹkún nìkan parí ẹ̀, ẹ sọ bí àwọn ènìyàn ṣe kọ̀ ọ́ ní 1947. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ṣọ́ ẹnu yín ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, àmọ́ ọmọ tí a fi ẹnu kọ́ ní rere, tí a fi ìwà kọ́ ní búburú, ìwà yẹn ló máa mú.

Ẹ̀yin tó wà ní Zaria, ní Jos, ní Kaduna, ẹ bi àwọn bàbá àti ìyá tó ṣì wà láyé bí wọ́n ṣe gé àdúgbò tiyín, kí ẹ sì kọ ọ́ síbí fún wa. Bàbá rélùwéè ti wa ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bí àwọn wọ̀nyí bá lọ tán láìsọ ọ́, tani yóò dá àwọn ọmọ lóhùn bí wọ́n bá tún nawọ́ sókè?

Ọlọ́run á jẹ́ ká kérè oko délé. Àjò á san wá o.